Owó Ìjọba fún Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi: Nínú SUBEB, NTI, NELFUND àti Ìsinmi Ìkẹ́kọ̀ọ́, Èwo Ló Bá Yín Mu?

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tó bá fẹ́ kún ìmọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá lónìí, tí kò sì fẹ́ kí gbogbo ìnáwó náà ti àpò òun nìkan jáde, ọ̀nà mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ tí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ń ṣe, NCE (ìwé ẹ̀rí olùkọ́) tàbí PGDE (ìwé ẹ̀rí olùkọ́ fún ẹni tó ti ní oyè yunifásítì) lọ́dọ̀ NTI, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀, NCE ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba pẹ̀lú ẹ̀yáwó NELFUND, àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, àti ìsinmi ìkẹ́kọ̀ọ́ tí owó oṣù kò ní dúró. Owó ìjọba wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èwo ni owó rẹ̀ pọ̀ jù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣìnà. Orúkọ ta ni owó náà ń wá bá? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú nìyẹn. Owó SUBEB ń bá orúkọ agbanisíṣẹ́ wá. Owó NTI ń lọ sọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí ẹ̀yin á rí nínú rẹ̀ kò ju pé owó iléèwé fúyẹ́ díẹ̀ lọ. Owó NELFUND ń tẹ̀lé nọ́ńbà ìgbaniwọlé yín. Owó ìsinmi ìkẹ́kọ̀ọ́ sì jẹ́ owó oṣù yín fúnra yín tí wọn kò dá dúró. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbi tí owó ń wá bá, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó, kò ní kàn án.

Ìdí tí iléèwé aládàáni fi ń rí díẹ̀

Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Òfin yìí kan náà ló ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú 100 owó tó bá wọ àpò ìṣúra rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ló sì ń pín in. Apá tó tóbi jù nínú owó náà, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé iye kan náà kalẹ̀ kó tó lè fọwọ́ kàn án, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gbọ́ pé owó ìpínlẹ̀ kan ń bẹ ní Àbújá láìsí ẹni tó lọ gbà á. Ilé kíkọ́ àti àga ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní ìpín tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìpín tó kéré ni.

Nígbà tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 2013 fi ọdún kan ti ọmọ ọdún márùn-ún kún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi inú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba wá wọ inú ìṣirò yìí gbangba. Iléèwé aládàáni wà lẹ́yìn odi. Àwọn ló sì ń tọ́jú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta nílùú ńlá bí Èkó àti Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ọ̀nà kejì àti ìkẹta ni ẹ̀ ń wò. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ìkíní àti ìkẹrin.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú TETFund, àjọ owó ìrànwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, kúrò nílẹ̀, nítorí wọ́n máa ń sọ fún àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n lọ “gba TETFund.” Àwọn olùkọ́ inú yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ti ìjọba ni owó ìkẹ́kọ̀ọ́ TETFund wà fún. Ẹni tó ń kọ́ yín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lè rí i gbà láti fi ka ìwé gboyè kún gboyè. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi kò lè rí i. Ẹni tó bá ní òun á bá yín fi orúkọ sílẹ̀, tó sì ń béèrè owó fọ́ọ̀mù, ẹ má dá a lóhùn.

Ohun tí a fi ń wọ̀n wọ́n

Lẹ́yìn ìbéèrè orúkọ, nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ fi gbé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yẹ̀wò.

Ìwé wo ló máa jáde níbẹ̀? Ìwé ẹ̀rí pé ẹ wá síbi sẹ́mínà yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí tó ń yí ipò padà. NCE ló ń gbé olùkọ́ wọ iṣẹ́ ìjọba ní ìpele 07, oyè ẹ̀kọ́ yunifásítì sì ń gbé e wọlé ní ìpele 08. Sátífíkéètì sẹ́mínà, bó pọ̀ tó ogún, kò gbé ẹnikẹ́ni láti ibì kan dé ibì kejì nínú ìpele wọ̀nyí.

Kí ló ṣẹ́kù tí ẹ̀yin á san? Ohun tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́ ṣì ní owó ọkọ̀, oúnjẹ, fọ́tòkọ́pì, ìwé títẹ̀, dátà, àti ohun èlò tí wọ́n ní kí ẹ ṣe wá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ bá jẹ́ 2,500 náírà, tí ìpàdé sì jẹ́ Sátidé méjìlá ní sáà kan, 30,000 náírà ti lọ kí ẹ tó ra bíírò.

Ta ni yóò di kíláàsì yín mú? Ọmọ ọdún márùn-ún lè dúró pẹ̀lú olùkọ́ kíláàsì kejì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ọdún méjì tí ojú rẹ̀ ò mọ ẹlòmíràn á fi ẹkún sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Bí iléèwé yín ò bá ní olùrànlọ́wọ́, ọ̀nà tí kò yọ yín kúrò ní kíláàsì láàárín sáà ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Kí ló so yín mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ̀yáwó ní sísan. Ìsinmi ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé àdéhùn. Sẹ́mínà kò ní nǹkan kan.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ SUBEB

Olùkọ́ iléèwé ìjọba ni èyí wà fún. Ó sábà máa ń gba ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, wọn kì í sì gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ kò lè fi orúkọ ara yín sílẹ̀: UBEC tàbí SUBEB á sọ iye ènìyàn tí wọ́n fẹ́, iye náà á sọ̀kalẹ̀ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ á béèrè orúkọ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá iléèwé. Níbi ìkẹyìn yìí ni olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ti sábà máa ń já bọ́. Ọ̀gá iléèwé á fi orúkọ olùkọ́ kíláàsì kẹrin tàbí ìkarùn-ún sílẹ̀, nítorí ìdánwò àṣewọlé sí girama ló wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ní ti ọmọ wẹ́wẹ́, síbẹ̀ ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ kò ní jẹ́ olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí ọ̀gá iléèwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, kí ẹ kọ kíláàsì yín, iye ọmọ, ìwé ẹ̀rí tí ẹ ní, àti ọdún tí ẹ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kẹ́yìn. Kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan tí ó ti bu ọwọ́ lù. Nígbà tí wọ́n bá ń wá orúkọ ní ọjọ́ méjì péré kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ tó ti wà nínú fáìlì ni ọwọ́ ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ bà.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò gbówó lọ́wọ́ yín, kò sì gùn. Àléébù rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Owó ọkọ̀ tí wọ́n ṣèlérí lè pẹ́ kó tó dé, nítorí náà ẹ má yá owó lé e. Gbọ̀ngàn lè kún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà lẹ́yìn á máa wo orí àwọn tó wà níwájú. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè pọ̀ ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́: bí a ṣe ń pín kíláàsì sí igun eré, bí a ṣe ń fi ìdérí ìgò kọ́ òǹkà, bí a ṣe ń kọ ohun tí a rí lára ọmọ sílẹ̀ láìdúró de ìdánwò. Àléébù tó wúwo jù ni ètò “lọ kọ́ àwọn yòókù.” Wọ́n á pe ẹnì kan láti iléèwé kan, wọ́n á ní kó padà lọ kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Tí kò bá sí wákàtí tí ọ̀gá iléèwé yà sọ́tọ̀ fún un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ béèrè wákàtí kan ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kí ẹ tó gbéra lọ, kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo àwòrán tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ẹ tún yẹ ohun tí wọ́n ń kọ́ yín wò bóyá ó bá ìlànà tó wà lóde mu. Ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e, pé èdè Òyìnbó ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ sì lè gbọ́ ohun méjì tó takora nínú gbọ̀ngàn kan. Tèmi ni pé kò sí ìlànà kankan tó dí yín lọ́wọ́ láti fi Yorùbá ṣàlàyé fún ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò gbọ́ Òyìnbó. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò gbẹ́yìn nínú Òyìnbó.

NTI: ẹ ń ṣiṣẹ́, ẹ ń kàwé

Kàdúná ni olú ilé-iṣẹ́ NTI wà, àmọ́ ó ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ìpínlẹ̀. Láti 1990 ló ti ń fún àwọn olùkọ́ ní NCE láìjẹ́ pé wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ń sanwó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni owó ìjọba wọlé sí. Ẹ̀yin ṣì máa san owó iléèwé. Ìwé ẹ̀kọ́ ni ẹ máa kà nílé, ẹ ó sì máa pàdé àwọn olùkọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ìgbà ìsinmi.

Ẹni tó wà ní iléèwé aládàáni, tó ní ìwé mẹ́wàá nìkan, tí kò sì lè fi owó oṣù sílẹ̀, ọ̀nà yìí ló bá a mu jù. Ẹni tó ti ní oyè yunifásítì nínú ohun mìíràn, bíi ìṣirò owó tàbí ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, kò nílò NCE mọ́: PGDE ni kó lọ ṣe, kò gùn tó NCE, ó sì ń ṣí ọ̀nà fún un láti di olùkọ́ tí òfin mọ̀. Ṣùgbọ́n PGDE kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ olùkọ́ lápapọ̀; ohun tó kan ọmọ wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbí kò le láti mọ̀ ṣáájú.

Àkọ́kọ́ ni yíyan ẹ̀ka. Láti 2012 ni NCCE, àjọ tó ń mójú tó kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, ti tún ìlànà NCE ṣe, tí ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ fi di ẹ̀ka tó dá dúró, ECCE. Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka mìíràn. Bí ibùdó tó sún mọ́ yín kò bá ní ECCE, wọ́n lè sọ pé kò sí ìyàtọ̀, kí ẹ kàn mú ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà: ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ yín á bọ́ sí kíláàsì ńlá, ẹ kò ní kọ́ nípa ìdàgbàsókè ọmọ láti ìkókó bó ti yẹ. Bí ẹ bá ń wá ìwé tó máa gbé yín wọ iṣẹ́ ìjọba nìkan, ó lè tó. Bí jẹ́lé-ó-sinmi bá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi jẹun, ẹ lọ sí ibùdó tó jìnnà díẹ̀.

Ìkejì ni máàkì. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí ẹ fi sílẹ̀ láìgba ìbuwọ́lù lè sọnù, èsì á sì jáde pẹ̀lú àlàfo. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí olùkọ́ á máa bu ọwọ́ lù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò iṣẹ́ náà. Ẹ wá èsì sáà kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá jáde. Àlàfo ọdún kìíní tí ẹ kò rí títí di ọdún ìkẹyìn lè dá ìwé ẹ̀rí yín dúró.

Ìkẹta ni àárẹ̀. Ẹni tó ń dúró ti ọmọ ogún láti aago méje ààbọ̀, tó tún ń kọ́ ọmọ ní ìrọ̀lẹ́, kò ní ráyè fún ìwé lálẹ́ àfi tó bá ní wákàtí kan pàtó. Ọ̀pọ̀ tó fi NTI sílẹ̀ láàárín, owó kọ́ ló lé wọn.

NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni láti òkèèrè, wà fún ẹni tó ti ní NCE, tó sì fẹ́ oyè nínú ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́. Bákan náà ni ètò rẹ̀ ṣe rí, ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹ̀ ń kàwé lọ, ṣùgbọ́n orí ayélujára ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, dátà á sì wọ inú ìnáwó.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì pẹ̀lú NELFUND

Ọdún mẹ́ta gbáko ni NCE ti ojoojúmọ́. Krẹ́díìtì mẹ́rin ló kéré tán nínú ìwé mẹ́wàá. Láàárín àwọn tó wà nítòsí ni Federal College of Education ní Òṣíẹ̀lẹ̀, Abẹ́òkúta, àti Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́. Ẹ ṣọ́ra o: kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di yunifásítì. Adéníran Ògúnsànyà àti Michael Ọ̀tẹ́dọlá ti para pọ̀ di Lagos State University of Education ní 2022. Adéyẹmí ní Oǹdó àti Emmanuel Àlàyándé ní Ọ̀yọ́ náà ti gòkè. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ NCE kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù.

Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 2024 ló gbé NELFUND dúró bó ṣe wà lónìí, wọ́n sì ṣí ojú òpó rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba nìkan ló wà fún. Apá méjì ló ní. Owó iléèwé ń lọ tààrà sí àkáǹtì kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò ní kan ọwọ́ yín. Owó àtijẹ-àtimu, 20,000 náírà lóṣù, ń wọ àkáǹtì tiyín. Kò ní èlé. Sísan rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, nípa yíyọ ìdá 10 nínú 100 owó oṣù. Ẹni tó gba NCE kì í sin ìlú, nítorí náà kí ẹ ka ibi tí ìwé àdéhùn yín ti sọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sísan dáadáa kí ẹ tó tẹ “mo gbà.” Bí owó oṣù yín nígbà náà bá jẹ́ 90,000, 9,000 ni wọ́n á máa yọ.

Bí a bá fi 20,000 yìí wé owó oṣù tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024, 70,000 náírà, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ kàwé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé NELFUND á gbé owó iléèwé, kò ní gbé ilé. Olùkọ́ aládàáni tó ń gba 35,000 lóṣù ń fi 35,000 ṣe pàṣípààrọ̀ 20,000, pẹ̀lú gbèsè lórí rẹ̀. Ó lè tọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ òbí. Fún ìyálọ́mọ mẹ́ta, ẹ tún un rò.

Bí ẹ bá máa lò ó, bí ètò rẹ̀ ṣe ń lọ nìyí. Kọ́kọ́ mú NIN, BVN àti ìwé JAMB yín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá kọ Adérónkẹ́ Folúkẹ́, tí èkejì kọ Folúkẹ́ nìkan, tàbí tí orúkọ ọkọ wà lórí ọ̀kan tí kò sí lórí èkejì, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó dé ojú òpó. Àyípadà orúkọ lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ó máa ń dá àwọn obìnrin dúró jù. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí i ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti gbé orúkọ àti nọ́ńbà yín sórí ojú òpó NELFUND. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò bá tíì ṣe é, ojú òpó náà á sọ pé òun kò mọ̀ yín, kò sì sí ohun tí ẹ lè tẹ̀ tó máa yí i padà. Ẹ lo àkáǹtì báǹkì tó bá BVN yín mu. Ẹ tọ́jú àwòrán ojú ìwé tó sọ pé wọ́n ti gba ìbéèrè yín.

Ibi tó ti ń fa ìjà ni àkókò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì lè fi dandan lé e pé kí ẹ sanwó kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, kí owó NELFUND sì dé lẹ́yìn náà. Owó iléèwé ti wá wọlé lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Gbígba tiyín padà lè gba oṣù púpọ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ san, kí ẹ san apá tí wọ́n bá gbà, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì kọ lẹ́tà lọ́jọ́ náà gan-an pé ẹ ti béèrè fún ẹ̀yáwó.

Owó ìrànwọ́ 50,000 náírà ní sáà kan tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2021 fún akẹ́kọ̀ọ́ NCE wà létí gbogbo ènìyàn. Ẹ má fi kọ́lé. Bó bá dé, ẹ fi ra ohun èlò ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́.

Sandwich ni ẹ̀gbẹ́ kejì kọ́lẹ́ẹ̀jì: ìgbà ìsinmi gígùn ni wọ́n ń wọlé, ó sì máa ń gùn ju ọdún mẹ́ta lọ. Kíláàsì yín kò ní ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹ má fi NELFUND sínú ìṣirò sandwich àfi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá fi hàn yín pé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sandwich tó ṣáájú yín wà lórí ojú òpó. Láàárín sandwich àti NTI, èmi á mú sandwich fún ẹni tó bá ní ibi tó lè sùn sí nítòsí kọ́lẹ́ẹ̀jì, torí pé ó ń rí olùkọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ń fọwọ́ kan ohun èlò. Ẹni tí kò ní, owó ilé á jẹ gbogbo àǹfààní yẹn.

Ìsinmi ìkẹ́kọ̀ọ́

Èyí ló dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà ló sì ṣọ̀wọ́n jù. Olùkọ́ ìjọba tí wọ́n ti fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ nìkan ló lè béèrè. Lẹ́tà rẹ̀ á gba ọwọ́ ọ̀gá iléèwé àti akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ dé SUBEB, pẹ̀lú ìwé ìgbaniwọlé àti lẹ́tà ìfìdíṣẹ́múlẹ̀. Iye tí wọ́n ń gbà lọ́dún kì í pọ̀, ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kà sì gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ yín mu: ECCE fún olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi rọrùn láti gbà ju ìmọ̀ ìṣèlú lọ. Ẹ ó bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn pé ẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún báyìí. Ẹ wá ibi tó sọ iye tí ẹ máa dá padà bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ro àtijapa.

Ìkìlọ̀ kan wà tó kan olùkọ́ ìjọba tó gba ọ̀nà èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ NTI, sandwich tàbí NOUN. Ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kàwé láìgba àṣẹ lè gbé ìwé ẹ̀rí dé, kí ọ́fíìsì kọ̀ láti fi yí ipò rẹ̀ padà. Lẹ́tà ojú ìwé kan ni, òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín.

TRCN kò sí nínú owó ìjọba

Ẹni tó bá gba NCE tàbí PGDE ṣì ní ìdánwò àti ìforúkọsílẹ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, láti ṣe, orí kọ̀ǹpútà ni ìdánwò náà, àpò yín lowó rẹ̀ ti ń jáde. NCE ń wọ ẹ̀ka D níbẹ̀, oyè yunifásítì ń wọ C. Bí ẹ bá ń ṣírò ọ̀nà èyíkéyìí nínú NTI àti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ fi owó yìí sí ìsàlẹ̀ ìṣirò, torí pé láìsí i, ìwé tí ẹ fi ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin wá kò tíì sọ yín di olùkọ́ lójú òfin.

Ta ni kó mú èwo

Olùkọ́ ìjọba tó ti ní NCE nínú ECCE, SUBEB tó fún un báyìí. Kó fi NOUN sí iwájú fún ìgbà tó bá fẹ́ dé ìpele 08. Olùkọ́ ìjọba tí NCE rẹ̀ jẹ́ nínú ohun mìíràn, tí wọ́n sì gbé sí kíláàsì ọmọ wẹ́wẹ́, kó béèrè ìsinmi ìkẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá kọ̀, kó gba àṣẹ sandwich tàbí NOUN.

Olùkọ́ aládàáni tó ní ìwé mẹ́wàá, tó sì ń bọ́ ilé, NTI ni, ní ibùdó tó ní ECCE. Èyí tó kéré lọ́jọ́ orí, tí kò tíì ní ẹni tó ń bọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì ojoojúmọ́ pẹ̀lú NELFUND. Olùkọ́ aládàáni tó ní oyè yunifásítì, PGDE.

Ẹni tó ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi tirẹ̀, tó ń wá owó ìjọba láti fi kọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀, kò ní rí èyí tó máa wá bá orúkọ iléèwé rẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó san owó ọkọ̀ NTI fún olùkọ́ kan lọ́dún kan, kó sì ṣètò ẹni tó máa di kíláàsì náà mú ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Kó kọ àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó náwó: iye owó, iye ọdún tí olùkọ́ náà máa lò lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí, àti iye tó máa dá padà bó bá lọ ṣáájú. Ọdún kan ni kó bá a dé. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, olùkọ́ kò ní bu ọwọ́ lù ú, tàbí kó bu ọwọ́ lù ú kó sì lọ láìdágbére.